Wíwò Ló Ń Ṣíwájú Wíwó

Ọjọ́ Àìkú ni mo ti ibi iṣẹ́ dé tí mo bá ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa. Mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó ṣí díẹ̀, ó dúró. Ohùn màmá mi jáde láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ìwọ ta?"

"Ọmọ yín ni."

"Ka oríkì rẹ."

Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Mo dúró lórí àjà kẹta ilé wa ní Peckham pẹ̀lú aṣọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì lọ́rùn, mo ń ka oríkì ara mi sínú àlàfo ilẹ̀kùn, aládùúgbò wa tó ń gbé àpò ìdọ̀tí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ sì dúró ó ń wò mí. Màámi gbọ́ ọ dé òpin kó tó yọ ẹ̀wọ̀n. Bí mo ti wọlé ló na ọwọ́.

"Mú kọ́kọ́rọ́ rẹ wá."

Mo rò pé ó fẹ́ fi ṣí nǹkan ni. Ó fi ti ilẹ̀kùn, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sì so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, níbi tí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ àti ti ọmọbìnrin mi ti wà ṣáájú. Ọmọbìnrin mi jókòó sórí àga ní pálọ̀. Yunifásítì ló wà, ìlú yìí la bí i sí. Ó gbé èjìká rẹ̀ sókè.

"Daddy, má bi mí. Ó ti gba tèmi láti àárọ̀."

"Ẹnikẹ́ni kì í jáde nínú ilé yìí mọ́," ni Màámi wí, "àfi tí mo bá mọ ohun tó ń lọ."

Ọ̀sẹ̀ tí mo ti ń retí láti ìgbà òtútù ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yẹn. Pápá koríko kan wà níwájú ilé wa, àwa ayálégbé sì fẹ́ sọ apá kan rẹ̀ di ọgbà ẹ̀fọ́. Ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù là ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn kò jìnnà sí wa, nítorí náà àwọn awalẹ̀pìtàn ní kí àwọn kọ́kọ́ wá wo ilẹ̀ ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ti ọkọ́ bọ̀ ọ́. Wọn ò ní gbẹ́ ẹ. Wọ́n á kàn fi ẹ̀rọ wò ó ni. Wọ́n fi Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀ fún àwa ará ilé, pé lọ́jọ́ náà àwa fúnra wa la máa ti ẹ̀rọ. Mo gba ìsinmi odidi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ yẹn kan náà ni ọsibítù fún Màámi láti wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì bí omi ògì. Ó lè mọ̀ pé ẹnìkan dúró níwájú òun, ṣùgbọ́n kò lè mọ ẹni náà àyàfi tó bá sọ̀rọ̀. Ó ti da tíì gbígbóná sí ọwọ́ ara rẹ̀ rí. Kò lè ka Kùránì mọ́, èyí ló sì ń dùn ún jù. Wọ́n ti sún ọjọ́ náà síwájú rí. Dókítà sọ fún wa ní gbangba pé tí a ò bá wá lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ìlà la máa padà sí, ìlà náà sì gùn, ojú kì í sì í dúró de ìlà. Mo ti ṣe ètò mi: ọsibítù ní òwúrọ̀, ilé kí wọ́n tó kí àyìlà, pápá ní ọ̀sán.

Bọ́ọ̀sì tí mo ń wà ń gba Old Kent Road kọjá. Bí èèyàn bá ń wakọ̀ lójú ọ̀nà kan lójoojúmọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ọ̀nà náà fi gún régé tó bẹ́ẹ̀ nínú ìlú tí gbogbo ọ̀nà yòókù rẹ̀ wọ́. Bí mo ṣe bọ́ sínú ọ̀rọ̀ Róòmù nìyẹn. Mo ka ohun tó wà ní ilé ìkàwé Peckham tán, mo ní kí wọ́n bá mi yá tibòmíràn wá. Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo máa ń lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Bermondsey níbi tí àwa olùyọ̀ǹda ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ àpáàdì tí wọ́n hú jáde. Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀ ni Màámi ń pè mí. Ó ní nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àpáàdì ìkòkò ẹni tí a ò mọ̀ rí ni ọmọ òun yàn láti máa fọ̀, bẹ́ẹ̀ àwo alẹ́ àná wà nínú kíṣìnnì.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní ìgbà ooru méjì tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, mo rí i láti ojú fèrèsé wa pé koríko pápá náà gbẹ ní ìlà kan kí ìyókù tó gbẹ. Ó fẹ̀ tó ibi tí bọ́ọ̀sì méjì lè ti pàdé, ó sì lọ tààrà. Níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà lábẹ́ ilẹ̀, omi kì í dúró níbẹ̀, koríko orí rẹ̀ ni òùngbẹ máa ń kọ́kọ́ pa. Ó lè jẹ́ ẹ̀ka ọ̀nà Róòmù. Ó sì lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti gbẹ́ páìpù gáàsì sí láyé àtijọ́. Ẹ̀rọ ló máa sọ. Èmi sì fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ní kí a tọ́jú aṣọ tí Màámi máa wọ̀ lọ sí ọsibítù.

"Mi ò lọ síbì kankan."

"Màámi, ojú yín ńkọ́?"

"Ojú mi wà lójú mi. Ilé ni mo ń ṣọ́."

"Ta ló fẹ́ gbé ilé lọ?"

"O mọ̀ wọ́n. Ìwọ àti wọn lẹ jọ ń ṣe é."

Ó yí orí sí ògiri, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo rojọ́. Kò sọ ohun tí mo ṣe. Ọmọbìnrin mi ní kíláàsì, nítorí náà Màámi ṣí ilẹ̀kùn fún un lẹ́yìn tó ti wádìí ẹni tó wà ní àtẹ̀gùn, ó sì tún un tì. Èmi kò ríbi lọ. Tí mo bá jáde, ta ni yóò máa bá a wo ojú ihò ilẹ̀kùn? Bẹ́ẹ̀ ló wí. Mo rìn láti pálọ̀ dé kíṣìnnì, láti kíṣìnnì dé bálùwẹ̀. Fúláàtì náà kò tóbi. Ọ̀rọ̀ kan náà là ń pe ẹ̀wọ̀n tí a fi ń ti ilẹ̀kùn àti ẹ̀wọ̀n tí à ń kó ọ̀daràn sí, ọjọ́ yẹn ni mo tó ronú sí i.

Àwọn awalẹ̀pìtàn dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Obìnrin aláwọ̀ funfun kan tó dé fìlà etí gbọọrọ ni ọ̀gá wọn, mo ti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan nípàdé ayálégbé. Mo fa kọ́tìnnì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Màámi gbọ́ ìró rẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ ògiri wá, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń na okùn."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ń fi pín pápá náà sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti wò àti ibi tí wọn ò tíì wò."

"Mo ní mo mọ̀. Báyìí, kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Ọ̀kan nínú wọn gbé irin kan tó dà bí àga tí wọ́n yọ ìjókòó rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ló ní. Ó ń tì í bọ ilẹ̀, ó ń fà á yọ, ó ń sún síwájú. Iná díẹ̀ ló ń gba ẹsẹ̀ irin náà wọ inú ilẹ̀, ẹ̀rọ sì ń wọn bó ṣe nira fún un tó láti kọjá. Kòtò tó ti dí láyé àtijọ́ máa ń pa omi mọ́, iná á gba inú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Òkúta àti ògiri ló ń dí i lọ́nà."

"Iná? Lábẹ́ ilé wa?"

"Kò tó ti bátìrì tọ́ọ̀ṣì, Màámi."

Ó rò ó. "Kí ló wá dé tí wọn ò gbẹ́ ẹ bí èèyàn gidi?"

Ẹ foríjì mí, inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo gbàgbé pé wọ́n tì mí mọ́lé.

"Àwọn àkọ́kọ́ gbẹ́ ẹ," ni mo wí. "Ògiri ni wọ́n ń wá. Tí wọ́n bá ti kan ògiri ará Róòmù, wọ́n á kó lébìrà jọ, wọ́n á gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á máa tẹ̀lé e bí ológbò tó ń tẹ̀lé eku, títí wọ́n á fi mọ bí ilé náà ṣe rí. Ohun tó bá dán ni wọ́n ń gbé lọ. Erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde, àtòun àti eegun àti àpáàdì inú rẹ̀, wọ́n á dà á nù."

"Wọ́n ṣa ẹran, wọ́n da ọbẹ̀ nù."

"Ẹ ṣeun. Bẹ́ẹ̀, ibi tí ògiri ti fara kan ilẹ̀ ilé ni èèyàn ti lè mọ èwo ló kọ́kọ́ wà, èwo ló tẹ̀lé e. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n gé sọnù. Ògiri wá dá dúró bí eyín kan ṣoṣo lẹ́nu arúgbó, kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó hù."

Ó fi ahọ́n wá eyín tirẹ̀ kiri. "Máa bá a lọ."

"Àwọn tó tẹ̀lé wọn kọ́gbọ́n. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò onígun mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á sì fi ògiri erùpẹ̀ sílẹ̀ láàárín kòtò sí kòtò. Ara ògiri erùpẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń ka ilẹ̀: eérú dúdú nísàlẹ̀, amọ̀ pupa lórí rẹ̀, òkúta ọ̀nà lórí amọ̀."

"Ohun tó wà nínú ògiri erùpẹ̀ náà ńkọ́?"

"Ohun tí àwọn ọmọ wọn bi wọ́n nìyẹn! Àwọn yẹn ní kí ògiri erùpẹ̀ kúrò. Wọ́n ṣí gbogbo ojú ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń ká ìpele kọ̀ọ̀kan kúrò lọ́tọ̀, èyí tó dé gbẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, tí ìlú jókòó lé ìlú lórí, wọ́n fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n sì yà á sórí pépà tirẹ̀, pépà tí ojú lè rí òdìkejì rẹ̀, kí wọ́n lè tò wọ́n léra lórí tábìlì bí wọ́n ṣe wà nínú ilẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo ṣí igun kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ láti fi hàn án: kápẹ́ẹ̀tì wa, rọ́bà aláwọ̀ ewé tí ayálégbé tó ṣáájú wa fi sílẹ̀, lẹ́yìn náà táìlì dúdú tí wọ́n tẹ́ nígbà tí wọ́n kọ́ ilé. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

"Fi kápẹ́ẹ̀tì mi sílẹ̀!" Ó gbá ọwọ́ mi. "Láti ìsàlẹ̀ lo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tìrẹ."

Mo dá a padà. Mo sọ fún un bí wọ́n ṣe ń da erùpẹ̀ sínú omi nísinsìnyí tí hóró ọkà tó ti jóná a máa léfòó. Ó ní bí èèpo ẹ̀wà. Mo sọ fún un pé láti inú eyín òkú, wọ́n lè mọ irú ilẹ̀ tí ẹni náà ti mu omi nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Lẹ́yìn ẹgbàá ọdún?"

"Lẹ́yìn ẹgbàá ọdún."

"Omi Ìwó ni wọ́n máa bá nínú tèmi," ló wí, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀.

"Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó gbẹ́lẹ̀, Màámi, àti aláìbìkítà àti ẹni tó fara balẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n ṣe. Ibi tí wọ́n gbẹ́ kò sí mọ́. Ẹ̀kọ tí èèyàn bá ti tú, kò sẹ́ni tó lè wé e padà bí ẹlẹ́kọ ṣe wé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìsinsìnyí kì í fẹ́ gbẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá lè yẹra fún un. Wọ́n kàn ń wolẹ̀ ni."

"Mo gbọ́. Wọ́n ń wólé."

"Wọ́n ń wolẹ̀, Màámi."

"Kí lèmi sọ? Wọ́n ń wólé."

Mo yíjú kúrò lójú fèrèsé. "Ta ló sọ fún yín pé wọ́n fẹ́ wólé?"

"Ọmọ rẹ. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kó o tó ronú àtisọ fún mi."

Nígbà tí ọmọ náà dé láti kíláàsì, tí wọ́n ti mú un ka oríkì tirẹ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ohùn òyìnbó, mo mú un dúró níwájú ìyá àgbà rẹ̀.

"Kí lo sọ fún Grandma lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

"Mo ní wọ́n ń bọ̀ wá wó ilé. In front."

"Tún un sọ."

"Wó. Ilé."

"Kí ni ilé?"

"Ground, innit."

"Ground ni ilẹ̀!"

"Ohun tí mo sọ nìyẹn now! Ilé!"

Màámi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Èmi ọmọ Ìwó, ọmọ odíderẹ́. Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ létí mi ni mo ṣe ń wí i." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó bọ́ lẹ́nu ọmọ náà, èmi náà rín títí ẹ̀yìn fi dùn mí. Gbogbo ìyọnu yìí, àmì ohùn kékeré lórí ọ̀rọ̀ méjì ló fà á! Mo na ọwọ́.

"Ó tán nìyẹn, Màámi. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, ká lọ wá bàtà yín."

Ẹ̀rín rẹ̀ dá. Ó fi ọwọ́ bo etí ìró.

"Ta ló ní ó tán? Wíwò ló ń ṣíwájú wíwó."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ìtàn kan tí mo rò pé mo mọ̀. Kí wọ́n tó wó ẹ́sítéètì North Peckham níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, àwọn kan wá wò ó. Wọ́n mú okùn ìwọ̀n wá. Wọ́n wo àtẹ̀gùn, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo fèrèsé. Ọmọlúàbí ni wọ́n, ó fún wọn ní tíì. Láìpẹ́ sí ìgbà yẹn bàbá rẹ̀ kú, ó lọ sí Ìwó fún ìsìnkú, ó sì dúró kí àdúà ogójì ọjọ́ tó parí. Ìgbà tó wà lọ́hùn-ún ni wíwó náà kan ilé wa. Bàbá mi kó ẹrù lọ sí fúláàtì tuntun, ó rán iṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ẹnìkan, iṣẹ́ náà kò dé. Èmi ti ń gbé níbòmíràn nígbà náà. Ohun tí mo gbọ́ ni pé Màámi ti dé láyọ̀. Mi ò mọ̀ pé ilé àtijọ́ ló ní kí takisí gbé òun lọ láti pápákọ̀ òfuurufú.

"Mo sọ ẹrù kalẹ̀," ló wí. "Mo gbójú sókè kí n wo fèrèsé mi. Ọ̀run ni mo rí. Níbi tí kíṣìnnì mi wà, ọ̀run ló wà níbẹ̀. Ojú mi sì dára nígbà yẹn o."

Ọmọbìnrin mi dì í mú lọ́wọ́. Mo fẹ́ fún un lésì. Mo wá a nínú gbogbo ohun tí mo ti kà, òótọ́ tirẹ̀ ni mo bá níbẹ̀. Ní ìlú yìí, púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa àwọn ará Róòmù, ìdí tí a fi mọ̀ ọ́ ni pé ẹnìkan fẹ́ kọ́ nǹkan tuntun síbẹ̀. Awalẹ̀pìtàn á ṣíwájú pẹ̀lú okùn, katapílà á tẹ̀lé e. Èmi tí mo mọ ìyẹn jù ú lọ, kí ni mo fẹ́ fi tù ú nínú?

Ní Ọjọ́rú mo ṣí fèrèsé, mo pe ọ̀gá àwọn awalẹ̀pìtàn láti òkè, mo ní kó jọ̀ọ́ gòkè wá. Ó wá. Màámi kò ṣílẹ̀kùn. Ó gbé àpótí sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, ó jókòó bí adájọ́, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, ó ń gba ojú ihò tí wọ́n ń gbà ju lẹ́tà wọlé sọ̀rọ̀, èmi sì kúnlẹ̀ láàárín, mò ń túmọ̀.

"Bi í pé ta ló rán an."

"Ó ní àwọn ayálégbé ni."

"Bi í bóyá wọ́n fẹ́ wó ilé yìí."

Mo bi í. Mo rí ìka rẹ̀ lẹ́nu ihò lẹ́tà, amọ̀ wà ní èékánná rẹ̀.

"Ó ní ọgbà ẹ̀fọ́ nìkan ni wọ́n bá òun sọ. Kò sẹ́ni tó sọ ti wíwólé fún òun. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè búra nípa ọdún tí òun ò mọ̀."

Màámi mi orí. "Ẹni tí kò jẹ́ búra, èèyàn lè bá a sọ̀rọ̀. Bi í bóyá ìyá rẹ̀ wà láyé."

"Ó wà. Forest Hill ló ń gbé."

"Kó bá mi kí i."

Kí obìnrin náà tó dìde, ó fi èdè òyìnbó bi mí bóyá wọ́n máa rí mi lọ́la, pé òun ti fi orúkọ mi sí ẹ̀rọ onítáyà tó ń wo ilẹ̀ jinlẹ̀. Ojú mi lọ sí etí ìró Màámi. Mo ní màá gbìyànjú.

Lẹ́yìn tí Màámi kí àlàásàrì tán, ó dájọ́ láti orí ẹní.

"Màá lọ sí ọsibítù."

"Àlùhámúdù lílááì!"

"Ṣùgbọ́n ilé mi ò ní ṣófo. Ìgbà yẹn, ó ṣófo. Ọmọ yìí ni yóò mú mi lọ. Ìwọ jókòó."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí èmi mú yín lọ. Kí òun jókòó sílé."

"Ọmọ tí kò mọ ilé yàtọ̀ sí ilẹ̀, òun ni kí n fi ṣọ́ ilé?"

"Grandma!" ni ọmọ náà wí.

"Mo ti wí tèmi. Bí ẹ ò bá fẹ́, mo jókòó."

Mo wo ojú funfun rẹ̀ méjèèjì tó kọjú sí mi tí kò rí mi. Mo ní ó dára.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n jáde. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀mejì láti ìta. Ọmọbìnrin mi ń sọ fún un pé kò bófin mu láti ti èèyàn mọ́lé, Màámi sì ń dá a lóhùn pé ọmọ òun ni, kì í ṣe èèyàn. Ohùn wọn ń rẹlẹ̀ lọ lórí àtẹ̀gùn.

Kò pẹ́ ni pápá kún. Aládùúgbò wa, ẹni tó ń gbé àpò ìdọ̀tí lọ́jọ́sí, ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ onítáyà tí wọ́n ti fi orúkọ mi sí. Ó ń tì í bí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ sí páàkì, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì. Mo ṣí fèrèsé.

"Máa lọ tààrà! Tẹ̀lé okùn!"

Ó juwọ́ sí mi. Obìnrin onífìlà náà gbójú sókè, ó ń bi mí pẹ̀lú ọwọ́ pé kí ló dé. Mo na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi, mo ṣe bí ẹni tó ń yí kọ́kọ́rọ́. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dé ibi tí koríko ti máa ń gbẹ. Gbogbo ohun tí mo ti kà wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, mo lè kà á ní ìka ọwọ́, mi ò sì lè fọwọ́ kàn án. Mo gbé iwájú orí lé gíláàsì. Ẹ̀rọ kọjá lórí ìlà náà, ó padà, ó tún kọjá.

Fóònù dún. Ọmọbìnrin mi ni.

"Daddy, nọ́ọ̀sì ní kó bọ́ ìró, kó sì fi àwọn kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó kọ̀."

"Jọ̀ọ́, sọ fún un pé mo wà nílé. Sọ fún un pé mi ò tíì kúrò lójú fèrèsé."

Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́, ó rọra ń wá ohùn ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn: i-lé. Ó sọ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wọ́n ti gbà. Wọ́n ní kó di àwọn kọ́kọ́rọ́ náà mú ní ọwọ́ òsì. Ó ti ń wọlé."

Mo kúnlẹ̀, mo ṣe àdúà, mo padà sójú fèrèsé nítorí mo ti sọ pé ibẹ̀ ni mo wà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ti ń ká okùn ní pápá. Nǹkan kan tó mọ́ bí ike ìgò bo ojú ọ̀tún Màámi.

"Ṣé ilé ṣì wà?"

"Ó wà, Màámi."

"O jáde?"

"Ibo ni mo fẹ́ gbà jáde?"

Àwòrán tí ẹ̀rọ náà yà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọbìnrin mi tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà. Nígbà náà Màámi ti ń ka Kùránì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ bo ojú òsì tó ń dúró de àkókò tirẹ̀. Mo tẹ́ pépà náà sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Ìlà dúdú méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n lọ pẹ̀lú ara wọn, agbede méjì wọn sì mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nìyí àti nìyí, kòtò tí omi ń gbà," ni mo wí. "Òkúta wẹ́wẹ́ nìyí láàárín. Obìnrin yẹn ní ọ̀nà ni, ó jọ pé ti Róòmù ni, ṣùgbọ́n òun ò lè búra."

"Kì í búra, mo mọ̀." Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà náà títí ó fi dé etí pépà, níbi tí ẹ̀rọ ti dúró nítorí pé ògiri wa ló kàn. Ìka rẹ̀ kò dúró. Ó kúrò lórí pépà, ó gba orí tábìlì lọ tààrà, ó dé ibi tí àyà rẹ̀ ti kan igi.

"Abẹ́ wa ló gbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí èèyàn bá wá fẹ́ rí ìyókù ńkọ́?"

Ìdáhùn rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, wó ilé, ọ̀rọ̀ náà sì ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń fẹ́ rí ibi tí ọ̀nà yẹn ń lọ. Mo wo kápẹ́ẹ̀tì, mo ronú nípa rọ́bà aláwọ̀ ewé, nípa táìlì dúdú, àti ohun tó wà lábẹ́ wọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Kó máa wà níbẹ̀.

Màámi gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ mi pẹ̀lú ojú tuntun náà fún ìgbà pípẹ́.

"Irun rẹ ti funfun," ló wí. Ó ṣẹ́ pépà náà po. "Má sọ fún wọn o."

"Màámi, àwọn ló ya àwòrán náà."

"Mo ní má sọ fún wọn."

Ó tú etí ìró, ó fi pépà náà sí i, ó tún un so. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi, pé iṣẹ́ òwúrọ̀ ni mo ní lọ́la. Ó ní kí n kan ilẹ̀kùn nígbà tí mo bá dé, kí n má sì sáré ka oríkì náà bí mo ṣe máa ń sáré kà á.